Bí a ṣe ń dá àwọn mólékù ńlá inú ara ènìyàn mọ̀: lórí ìwé àti nínú test tube

Tí a bá yọ omi àti iyọ̀ kúrò nínú ara ènìyàn, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ṣẹ́ kù kò ju oríṣi mẹ́rin lọ: kábóháídíréètì, purotéènì, ọ̀rá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lípíìdì, àti nucleic acid, ìyẹn DNA àti RNA. Ọmọ girama mọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí. Ibi tó ti máa ń le ni ìgbà tí wọ́n bá gbé àwòrán kan tàbí omi kan síwájú rẹ̀, tí wọ́n ní kó sọ èyí tó jẹ́, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Torí rẹ̀ la ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí, fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò WAEC tàbí NECO, fún olùkọ́ tí ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀, àti fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń wá nínú ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí omi àyẹ̀wò kankan tó mọ odindi purotéènì tàbí odindi kábóháídíréètì. Ẹ̀yà kékeré kan lára mólékù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dì mú. Biuret ń wá ìsopọ̀ tó so amino acid kan, ìyẹn ẹyọ tí wọ́n fi kọ́ purotéènì, mọ́ èkejì. Benedict ń wá orí ṣúgà tó ṣí sílẹ̀. Áyódíìnì ń wá ẹ̀wọ̀n glúkóòsì gígùn tó wé lọ́lọ́. Bí ẹ bá mọ ibi tí omi kan ń dì mú, ẹ ó mọ ìgbà tó lè tàn yín jẹ, èyí sì ni ohun tó ń yà ẹni tó mọ iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ sí ẹni tó kàn há àwọ̀ sórí.

Lórí ìwé: átọ̀mù ni kí ẹ kọ́kọ́ kà

Bí fọ́múlà ni wọ́n fún yín, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá náítírójìn (N) wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, tó jẹ́ pé kábọ́nì, háídírójìn àti ọ́síjìn nìkan ló wà, kábóháídíréètì tàbí ọ̀rá ni. Ẹ wá fi iye H wé iye O. Glúkóòsì jẹ́ C6H12O6, H rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì O gẹ́lẹ́. Ṣúgà tí a ń dà sínú tíì jẹ́ C12H22O11, ìlọ́po méjì náà ni. Ọ̀rá kì í rí bẹ́ẹ̀. Palmitic acid, tó pọ̀ nínú epo pupa tó sì wà nínú ọ̀rá ara ènìyàn pẹ̀lú, jẹ́ C16H32O2. Tristearin, tó wà nínú ọ̀rá màlúù, jẹ́ C57H110O6. Ọ́síjìn wọn kéré gan-an sí háídírójìn, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rá gíráàmù kan fi ń mú agbára tó ju ìlọ́po méjì ti ṣúgà gíráàmù kan wá.

Bí N bá wà, ẹ wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì (P). N láìsí P sábà máa ń jẹ́ amino acid tàbí purotéènì, pàápàá bí imí-ọjọ́ (S) bá tún wà níbẹ̀. N àti P pọ̀, ẹ fura sí nucleic acid. ATP, tí sẹ́ẹ̀lì ń ná bí owó, jẹ́ C10H16N5O13P3, nucleotide sì ni, ìyẹn irú ẹyọ tí wọ́n fi kọ́ nucleic acid.

Pańpẹ́ méjì wà níhìn-ín tó máa ń mú ọmọ ìwé. Àkọ́kọ́ ni lecithin, ọ̀rá tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì àti nínú pupa ẹyin. Ó ní N, ó ní P, síbẹ̀ lípíìdì ni, torí pé ìrù kábọ́nì gígùn méjì ló so mọ́ ọn. Èkejì ni urea inú ìtọ̀: ó kún fún náítírójìn, àmọ́ kì í ṣe purotéènì. Ìdí nìyí tí kíka átọ̀mù nìkan kò fi tó. Ẹ tún ní láti wo àwòrán rẹ̀:

- Òrùka tí ọ́síjìn kan wà lára òrùka fúnra rẹ̀, tí OH sì yí i ká: ṣúgà.
- Kábọ́nì tó tò lọ gbọọrọ, tí COOH wà ní òpin kan: fatty acid. Bí mẹ́ta irú rẹ̀ bá so mọ́ glycerol, ọ̀rá tàbí òróró ni.
- Òrùka mẹ́rin tó lẹ̀ mọ́ra, mẹ́ta oníhà mẹ́fà àti ọ̀kan oníhà márùn-ún: cholesterol àti àwọn ẹbí rẹ̀. Lípíìdì ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní fatty acid kankan.
- NH2 àti COOH lórí kábọ́nì kan náà: amino acid. Bí –CO–NH– bá ń tún ara rẹ̀ ṣe, purotéènì ni.
- Ṣúgà oníkábọ́nì márùn-ún, fọ́sífétì, àti òrùka onínáítírójìn: nucleotide.

Láti mọ̀ bóyá DNA ni tàbí RNA, kábọ́nì kejì ṣúgà náà ni kí ẹ wò. Bí OH bá wà níbẹ̀, RNA ni. Bí ó bá jẹ́ H nìkan, DNA ni. Èyí dájú ju wíwá lẹ́tà T (ti DNA) àti U (ti RNA) lọ, torí pé àwòrán ìdánwò lè fi A, G tàbí C hàn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà nínú DNA àti RNA.

Nígbà tí wọ́n bá béèrè èyí tí kì í ṣe pólímà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lípíìdì ni ìdáhùn. Àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí ẹyọ rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀rá kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun èlò àti bí a ṣe ń pò ó

Bí ilé ìwé bá ní Benedict tó ti wà nínú ìgò, ẹ kọ́kọ́ sè é wò: mílílítà 5 nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Búlúù rẹ̀ kò gbọdọ̀ yí padà. Bí ó bá yí, ó ti bàjẹ́, ẹ dà á nù. Láti po lítà kan, ẹ yọ́ gíráàmù 173 sodium citrate àti gíráàmù 100 sodium carbonate tí kò ní omi nínú mílílítà 800 omi gbígbóná, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ yọ́ gíráàmù 17.3 copper sulphate sọ́tọ̀ nínú mílílítà 100 omi tútù, kí ẹ rọra dà á sí ti àkọ́kọ́ bí ẹ ṣe ń rò ó, lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi kún un títí yóò fi pé lítà kan. Ẹ má dà á sódì o. Copper ló gbọdọ̀ wọ inú citrate, nítorí citrate ni kò jẹ́ kí copper dì sílẹ̀.

Fún Biuret, ẹ ní kọ́sítíìkì sódà ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún (gíráàmù 10 nínú mílílítà 100) àti copper sulphate ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, nínú ìgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Omi áyódíìnì: gíráàmù 1 áyódíìnì àti gíráàmù 2 potassium iodide nínú mílílítà 100. Bí kò bá sí, áyódíìnì ojú ọgbẹ́ láti ọ̀dọ̀ kẹ́mísì ṣeé lò, kí ẹ fi omi là á ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ tún ní sìpíríìtì tó le, Sudan III (àwọ̀ tó ń pọ́n ọ̀rá) bó bá wà, omi tó ń hó nínú ìkòkò láti gbé àwọn túùbù sí, àti sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fún wíwọn.

Gbogbo àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ní túùbù mẹ́ta: èyí tí ẹ ń wádìí, èyí tó jẹ́ omi lásán, àti èyí tó jẹ́ ohun tí ẹ ti mọ̀ dájú. Ẹni tó bá fo èyí kò ní mọ̀ bóyá omi àyẹ̀wò rẹ̀ ti kú tàbí ẹnìkan ti fi ṣíbí eléèérí bọ ìgò náà.

Kọ́sítíìkì sódà ń jẹ ẹran ara. Bó bá ta sójú, omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Sìpíríìtì kì í sún mọ́ iná rárá. Itọ́ tàbí ìtọ̀ tí ẹ bá lò, kí ó jẹ́ ti ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò fúnra rẹ̀. A kì í gún ara wa ní abẹ́rẹ́ nítorí ẹ̀kọ́ kíláàsì.

Kábóháídíréètì: glycogen ni ti ènìyàn, kì í ṣe sítáàṣì

Ìwé púpọ̀ ń fi áyódíìnì wá sítáàṣì nínú gàárì àti iṣu, wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀. Ara ènìyàn kì í ṣe sítáàṣì. Glycogen ni a ń fi glúkóòsì pamọ́ sí: bíi gíráàmù 100 nínú ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà, àti bíi 400 nínú gbogbo iṣan ara. Ẹ̀dọ̀ adìẹ lè dúró fún ẹ̀dọ̀ ènìyàn níhìn-ín.

1. Ẹ gba ẹ̀dọ̀ adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tó sì ti jẹun lọ́jọ́ náà, bíi gíráàmù 20. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ jù ú kíákíá sínú mílílítà 60 omi tó ń hó, kó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún.
2. Ẹ gún un kúnná nínú odó kékeré, kí ẹ dá a padà sínú omi náà, kí ẹ kán fínígà díẹ̀ sí i. Kíkan rẹ̀ ló ń mú kí purotéènì dì, kó lè ṣeé sẹ́ kúrò.
3. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ẹ fi pépà asẹ́ sẹ́ ẹ. Omi tó bá jáde máa ń rí funfun fírífírí, kì í mọ́ gaara. Glycogen ló ń fa ìyẹn.
4. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa. Ẹ wọn mílílítà 2 sínú túùbù kan, mílílítà 2 omi lásán sínú èkejì, kí ẹ kán áyódíìnì ẹ̀kán mẹ́ta sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó ní glycogen yóò pọ́n dúdú. Ti omi lásán yóò dúró ní àwọ̀ áyódíìnì fúnra rẹ̀, ìyẹn pupa rúsúrúsú. Níbí ni túùbù omi lásán ti wúlò jù lọ, torí pé àwọ̀ méjèèjì sún mọ́ra, ojú lásán sì lè ṣì wọ́n mú. Bó bá ṣì ń ṣe yín bíi pé kò dá yín lójú, ẹ gbé túùbù glycogen sínú omi gbígbóná: àwọ̀ náà yóò lọ. Bó bá tutù, yóò padà.

Ìdí tí kò fi dúdú bí aró bíi ti sítáàṣì ni pé ẹ̀ka glycogen pọ̀, bíi glúkóòsì mẹ́jọ sí méjìlá péré ló wà láàárín ẹ̀ka kan àti èkejì. Apá sítáàṣì tí a ń pè ní amylose gùn láìní ẹ̀ka púpọ̀, ó sì ń wé mọ́ áyódíìnì lọ́nà tó jinlẹ̀.

Bó bá kùnà, ẹ̀dọ̀ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ẹran bá ti kú, ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀dọ̀ kò dúró. Wọ́n ń já glycogen sí glúkóòsì títí yóò fi tán. Ẹ̀dọ̀ tó ti pẹ́ lórí àtẹ kì í fún áyódíìnì ní àwọ̀ kankan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi Benedict dán omi rẹ̀ wò, pupa bíríkì lẹ máa rí. Torí ẹ̀ ni a ṣe ní kí omi ti máa hó kí ẹ tó ju ẹ̀dọ̀ sí i, torí ooru ń pa ẹ́ńsáìmù náà lójú ẹsẹ̀.

Fún Benedict, ẹ da mílílítà 2 omi àyẹ̀wò pọ̀ mọ́ mílílítà 2 ohun tí ẹ ń wádìí, kí ẹ gbé e sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Búlúù lè di àwọ̀ ewé, ìyeyè, àwọ̀ ọsàn, tàbí pupa bíríkì, bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó. Ṣúgà inú tíì kò ní yí i padà, torí orí glúkóòsì àti ti fructose inú rẹ̀ ti so mọ́ra. Ẹ fi hydrochloric acid fífúyẹ́ ẹ̀kán márùn-ún sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ bu sodium bicarbonate sí i díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní hó mọ́, kí ẹ tó da Benedict sí i. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé bicarbonate yìí, wọ́n á wá ní ṣúgà kò sí. Benedict kì í ṣiṣẹ́ nínú ásíìdì.

Itọ́: ibi tí purotéènì ti ń gé kábóháídíréètì

Àyẹ̀wò yìí fi mólékù méjì hàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì jẹ́ ti ara ènìyàn gan-an. Ẹ yọ́ gíráàmù kan sítáàṣì nínú mílílítà 100 omi tó ń hó, kó tutù. Ẹ fi omi yọ ẹnu, kí ẹ tu itọ́ bíi mílílítà 2 sínú ife, kí ẹ fi omi mílílítà 8 là á. Ẹ kán áyódíìnì káàkiri orí àwo funfun, ẹ̀kán kan síbí, ẹ̀kán kan sọ́hùn-ún. Ẹ wá po mílílítà 5 sítáàṣì mọ́ mílílítà 1 itọ́ náà nínú túùbù, kí ẹ gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó jẹ́ 37°C. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ kán díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí áyódíìnì kan. Yóò kọ́kọ́ dúdú bí aró, yóò di pípọ́n, níkẹyìn kò ní yí padà mọ́. Bí ẹ bá fi Benedict dán ohun tó kù nínú túùbù wò, ṣúgà ti wà níbẹ̀.

Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú itọ́ tí ẹ ti sè. Dúdú ni yóò máa dúdú lọ, torí amylase, ẹ́ńsáìmù inú itọ́ tó jẹ́ purotéènì, ti pàdánù ìrísí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: síse kò já ìsopọ̀ amino acid. Ẹyin sísè ṣì ń fún Biuret ní àwọ̀ elésè àlùkò. Purotéènì lè má ṣiṣẹ́ mọ́, kó sì tún jẹ́ purotéènì síbẹ̀.

Purotéènì

Funfun ẹyin ni a ń lò dípò albumin inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ po mílílítà 5 rẹ̀ mọ́ mílílítà 45 omi àti iyọ̀ táṣẹ́rẹ́, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ mú mílílítà 2, ẹ da mílílítà 2 kọ́sítíìkì sódà sí i, kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kán copper sulphate sí i, ẹ̀kán kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀kán mẹ́ta ti tó. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, àwọ̀ elésè àlùkò yóò jáde. A kì í sè é.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọwọ́ wúwo lórí copper sulphate. Búlúù rẹ̀ á bo elésè àlùkò mọ́lẹ̀, tàbí kí ìgẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ búlúù sùn sísàlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kọ ọ́ pé purotéènì kò sí. Ammonium láti inú ajílẹ̀ náà máa ń fún copper ní búlúù tó jinlẹ̀, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú purotéènì.

Amino acid tó dá dúró kò ní ìsopọ̀ tí Biuret ń wá, nítorí náà búlúù ni túùbù rẹ̀ yóò wà. Ninhydrin ni a ń fi wá ìyẹn. Ẹ kán an sí i kí ẹ sì mú un gbóná, elésè àlùkò ló ń jáde, àyàfi proline tó ń di ìyeyè. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí ẹ bá ń lò ó, torí amino acid wà nínú òógùn ìka yín, pépà yóò sì gba àmì ọwọ́.

Irun àti èékánná jẹ́ keratin, purotéènì ni láti òkè délẹ̀. Síbẹ̀ bí ẹ bá rẹ irun sínú omi kí ẹ tó fi Biuret dán omi náà wò, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Keratin kì í yọ́ nínú omi, copper kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iná ni kí ẹ lò fún un: ẹ fi tọ́ńgì kékeré di fọ́nrán kan mú sójú àbẹ́là. Irun ènìyàn máa ń ká kò, ó ń rùn bí ìyẹ́ adìẹ tó jóná, eérú rẹ̀ sì ń fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láàárín ìka. Imí-ọjọ́ inú keratin wà lára ohun tó ń fa òórùn náà. Atáṣímẹ́ǹtì oníláílọ́ọ̀nù ńkọ́? Ó máa ń yọ́ ni, á di kókó líle, kì í sì í rùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra irun tí wọ́n ní irun ènìyàn gidi ni lè fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rá

Ẹ da òróró ẹ̀kán méjì sínú mílílítà 2 sìpíríìtì, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ wá dà á sórí mílílítà 2 omi nínú túùbù mìíràn. Yóò funfun bíi wàrà. Sìpíríìtì ló kọ́kọ́ gba ọ̀rá mọ́ra. Bó ṣe bọ́ sínú omi, ọ̀rá kò ríbi lọ mọ́, ó sì fọ́n ká ní hóró wẹ́wẹ́. Bí ohun tí ẹ ń wádìí bá jẹ́ ohun lílọ̀ bí ẹ̀pà tàbí ẹran, ẹ jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sùn kí ẹ tó da omi òkè rẹ̀ nìkan, torí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lásán náà lè mú omi funfun.

Sudan III ń pọ́n ọ̀rá, kì í pọ́n omi. Epo pupa kò dára fún un: ó ti pupa tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní mọ ohun tí Sudan ṣe. Òróró ẹ̀pà ni kí ẹ lò.

Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀rá ara yín gan-an, ẹ tẹ pépà fẹ́lẹ́ mọ́ imú ní àárọ̀ kí ẹ tó bọ́jú, kí ẹ tó pa ìpara. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ibi tó bá ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá ni ọ̀rá wà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀: àmì omi yóò gbẹ, ti ọ̀rá kò ní gbẹ.

DNA láti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́

1. Ẹ po iyọ̀ gíráàmù 1 mọ́ mílílítà 100 omi mímu. Ẹ mú mílílítà 10 rẹ̀ sẹ́nu, kí ẹ fi yọ ẹnu fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ máa fi eyín rọra ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ tu ú sínú ife mímọ́.
2. Ẹ kán ọṣẹ olómi ìfọ-abọ́ ẹ̀kán mẹ́ta sí i, kí ẹ rọra yí ife náà. Ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ìfófòó ń dí ojú, fọ́nrán DNA sì ń já. Ọ̀rá ni awọ sẹ́ẹ̀lì, ọṣẹ sì ni ohun tó ń tú u.
3. Ẹ kán omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù (kì í ṣe ti inú agolo, torí ooru ti pa ẹ́ńsáìmù rẹ̀) ẹ̀kán mẹ́ta sí i láti gé purotéènì, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún.
4. Ẹ da á sínú túùbù. Ẹ dagun túùbù náà, kí ẹ rọra jẹ́ kí sìpíríìtì tó ti wà nínú fírísà ṣàn gba ara rẹ̀ wọlé, kó dúró sókè láìdàpọ̀. Kí sìpíríìtì náà tó bí omi tó wà nísàlẹ̀.

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fọ́nrán funfun yóò máa dìde ní ojú àlà omi méjèèjì. Ẹ lè fi igi kékeré wé e.

Ṣé DNA nìkan ni? Rárá o. Purotéènì àti ikun itọ́ wà mọ́ ọn. Bí ẹ bá fi Biuret dán an wò, tó sì di elésè àlùkò díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, ìyókù purotéènì ni. Ní yàrá àyẹ̀wò tó péye, diphenylamine ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ ọn, DNA á mú un di búlúù. Orcinol sì ń di àwọ̀ ewé fún RNA. Méjèèjì nílò ásíìdì líle, a kì í ṣe wọ́n nílé.

Irú ìyèméjì yìí kan náà ni Friedrich Miescher bá pàdé ní Tübingen ní Jámánì ní 1869, nígbà tó rí ohun tuntun kan nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ọyún ara báńdéèjì. Ó fi pepsin, tó ń jẹ purotéènì, kàn án. Kò jẹ ẹ́ tán. Ó wá èròjà inú rẹ̀, ó bá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó pọ̀. Ohun méjì yìí, lórí ara wọn, ló fi mọ̀ pé purotéènì kọ́.

Nínú ìtọ̀

Ìtọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le kì í ní glúkóòsì tàbí purotéènì tó àyẹ̀wò yìí í rí. Fún purotéènì, ẹ bu ìtọ̀ kún ìdá méjì nínú mẹ́ta túùbù, kí ẹ fi iná sè apá òkè rẹ̀ nìkan. Bí òkè bá ṣú, tí ìsàlẹ̀ mọ́ gaara, ẹ má tíì sọ̀rọ̀. Ẹ kán acetic acid fífúyẹ́ ẹ̀kán mẹ́ta sí i. Bó bá mọ́ padà, fọ́sífétì ni. Bí ìkùùkù náà kò bá kúrò, purotéènì ni, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ rí dókítà nítorí kíndìnrín rẹ̀.

Fún glúkóòsì, mílílítà 5 Benedict àti ìtọ̀ ẹ̀kán mẹ́jọ, nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó bá ń jẹ fítámì C púpọ̀ lè rí àwọ̀ láìní àtọ̀gbẹ, torí fítámì C náà ń ṣe bí ṣúgà sí copper. Obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú lè rí i nítorí lactose, ṣúgà inú wàrà. Pépà ìtọ̀ tí nọ́ọ̀sì ń lò kò dà bẹ́ẹ̀: ẹ́ńsáìmù tó mọ glúkóòsì nìkan ló wà lára rẹ̀, lactose kò ní ràn án. Àmọ́ fítámì C lè jẹ́ kí pépà náà dákẹ́ nígbà tí glúkóòsì wà. Ohun kan náà ló fa àṣìṣe méjèèjì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí wọ́n tẹ̀ sí.

Genotype: purotéènì ni wọ́n ń wò

Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ yín láti mọ genotype, ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò kì í wo DNA rárá. Haemoglobin ni wọ́n ń wò, purotéènì pupa tó ń gbé ọ́síjìn. Ẹ̀wọ̀n mẹ́rin ló ní: alpha méjì, amino acid 141 lọ́kọ̀ọ̀kan, àti beta méjì, 146 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ipò kẹfà lórí beta, haemoglobin A, oríṣi tí kò ní àìsàn, ní glutamic acid tó ní iná mànàmáná (−). Valine ló wà níbẹ̀ nínú haemoglobin S, kò ní iná kankan. Lysine ló wà níbẹ̀ nínú C, iná (+) ló ní. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iná mànàmáná ya S kúrò lára A. Láàárín 1956 sí 1957 ni Vernon Ingram fi hàn pé amino acid kan ṣoṣo ló yí padà.

Nínú àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀, wọ́n máa ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, wọ́n á fi ẹ̀kán rẹ̀ sórí cellulose acetate tó ti mu omi tí pH rẹ̀ jẹ́ bíi 8.5, wọ́n á sì tan iná sí i. Gbogbo wọn ń sáré lọ sápá (+). A ló ń ṣíwájú, F (haemoglobin ọmọ inú oyún) tẹ̀ lé e, S wà láàárín, C ló gbẹ̀yìn. Ilà méjì, A àti S, ni AS. S láìsí A tàbí C sábà máa ń jẹ́ SS. S àti C ni SC, òun náà sì jẹ́ àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, kì í ṣe ohun tí a lè fojú kéré. Haemoglobin C wọ́pọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ó wà láàárín àwa Yorùbá pẹ̀lú, nítorí náà ilé àyẹ̀wò tó bá ń wá A àti S nìkan kò ṣe iṣẹ́ tó péye.

Ibi tí ìlà ti dúró kì í ṣe orúkọ ẹni tó dúró síbẹ̀. Haemoglobin D àti G máa ń dúró sí ibi kan náà pẹ̀lú S lórí cellulose acetate. A2, E àti O sì máa ń dúró pẹ̀lú C. Torí náà ni wọ́n ṣe ń fi àyẹ̀wò yíyọ́ kún un: sodium dithionite ń mú kí haemoglobin S dì, omi á ṣú débi tí ẹ ò ní lè ka ìlà dúdú tó wà lẹ́yìn túùbù. Ìyẹn á fi hàn pé S gan-an ni. Ṣùgbọ́n AS ń ṣú, SS ń ṣú, nítorí náà àyẹ̀wò yíyọ́ nìkan kò lè sọ èyí tó jẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà lè máà ṣú rárá nítorí F ṣì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ padà wá ṣe é bó bá ti dàgbà díẹ̀. Bí tọkọtaya bá sì fẹ́ gbé ìpinnu ka èsì náà, kí wọ́n ṣe é ní ilé àyẹ̀wò méjì tó yàtọ̀ síra, kí wọ́n sì béèrè fún HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya oríṣi haemoglobin sọ́tọ̀, níbi tó bá wà.

Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára kò gbọdọ̀ ṣe genotype lójú ẹsẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń lo bíi ọjọ́ 120, haemoglobin A ti ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ yóò sì máa hàn gẹ́gẹ́ bíi ti ẹni tó gbà á, kí SS wá dà bí AS. Ẹ dúró fún oṣù mẹ́rin, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà fún ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ yín kó tó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́.